Archive of Our Own: ilé ìtàn ìfẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ asẹ́ rẹ̀ lò

Ìwé ìtàn ìfẹ́ inú ayé àràmàǹdà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní romantasy, ní ìwà kan tó ń bí èèyàn nínú: ibi tó bá dùn jù ló máa ń já sí, apá tó kàn á sì di ọdún tó ń bọ̀. Òǹkàwé tó ti rí i bí ọmọbìnrin kan ṣe ń fi idà lé ọmọ ọba kiri ní ojú ewé 30, tí ìfẹ́ sì ti wọ àwọn méjèèjì lára ní ojú ewé 400, kò ní lè fara balẹ̀ dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Archive of Our Own wà fún. AO3 ni gbogbo ayé ń gé e kúrú sí. Orí rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ìwé, fíìmù àti géèmù ń gbé fanfic sí, ìyẹn ìtàn tí àwọn fúnra wọn kọ nípa ẹ̀dá-ìtàn tí ẹlòmíràn dá. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, kò sí ìpolówó láàárín orí kan àti èkejì, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ra ohunkóhun kí ẹ tó ka orí tó kù.

Ìdájọ́ wa rèé ká tó wọ inú rẹ̀. Fún àgbà tó fẹ́ràn irú ìtàn yìí, a ò mọ ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó tó o. Fún ọmọ ọdún 14, ó dára, bí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí kan bá kọ́kọ́ jókòó tì í. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ìtàn, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu: bí ẹni wọ ọjà Dùgbẹ̀ láìmọ ohun tó fẹ́ rà ló máa rí, á rìn rìn rìn, á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àjọ kan tí kì í ṣòwò jèrè, Organization for Transformative Works, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2007, ló ni ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn ló bí i. Ní oṣù Karùn-ún, LiveJournal, ìkànnì búlọ́ọ̀gù tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ìwé kó ìtàn wọn sí, dédé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkáǹtì rẹ́; lásìkò kan náà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ FanLib ń wá bí òun ṣe máa fi ìtàn ọ̀fẹ́ wọn pawó. Àwọn olólùfẹ́ ìwé ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á ra sáfà tàwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lé lórí. Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 2009 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ará ìta, nígbà tó sì di 2019, ìkànnì náà gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo, ọ̀kan lára èyí tó lọ́lá jù fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ti àràmàǹdà. Títí di òní, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, ọrẹ òǹkàwé ló sì ń san owó sáfà. Ohun tí èyí já sí fún òǹkàwé ni pé kò sẹ́ni tó ń wá ọgbọ́n tí yóò fi dá yín dúró sójú fóònù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ yín tó ń sọ pé ẹni tó ka èyí tún ka ìyẹn. Ire ni, ìṣòro sì ni, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá ohun tí ẹ fẹ́.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ràn, ìtàn tí wọ́n fọwọ́ kàn kẹ́yìn ni yóò wà lókè pátápátá, ogún ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe èyí tó dára jù. Èyí tí ẹnì kan gbé orí kejì rẹ̀ sókè ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn á ṣáájú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti yìn. Ohun tó ń lé àlejò sá nìyẹn. Wọ́n á ka ìtàn mẹ́ta tí kò lórí tí kò nídìí, wọ́n á ní fanfic ò dáa. Àìmọ̀ọ́lò ni.

Ẹ wo káàdì ìtàn dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àpótí kéékèèké mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé rẹ̀. Èyí tó wà lókè lápá òsì ń sọ ìpele: G aláwọ̀ ewé ni ti tọmọdé tàgbà, T aláwọ̀ ìyeyè ni ti ọ̀dọ́ sókè, M aláwọ̀ ọsàn ni ti àgbà, E pupa sì ni èyí tí kò fi ohunkóhun bò nínú yàrá. Àpótí òfìfo túmọ̀ sí pé òǹkọ̀wé kò fún un ní ìpele, nítorí náà ẹ kà á sí ti àgbà. Lókè lápá ọ̀tún ni irú ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀: ti obìnrin àti ọkùnrin, ti obìnrin méjì, ti ọkùnrin méjì, tàbí "Gen", ìyẹn èyí tí ìfẹ́ kì í ṣe kókó rẹ̀. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àmì aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ìtàn ti parí, àmì ìdínà pupa sì túmọ̀ sí pé ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, tàbí pé òǹkọ̀wé ti pa á tì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àmì kan náà ni fún méjèèjì.

Nísàlẹ̀ lápá òsì ni ìkìlọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ohun mẹ́rin ni AO3 ń fi dandan bi òǹkọ̀wé: ìwà ipá tí wọ́n ṣàpèjúwe kedere, ikú ẹ̀dá-ìtàn pàtàkì, ìfipábánilòpọ̀, àti ìbálòpọ̀ tó kan ẹni tí kò tíì pé 18. Òǹkọ̀wé lè mú èyí tó bá kan ìtàn rẹ̀. Ó lè mú "No Archive Warnings Apply", ìyẹn ni pé kò sí ìkankan níbẹ̀. Ó sì lè mú "Creator Chose Not To Use Archive Warnings". Èyí ìkẹyìn kò sọ pé kò sí ewu o. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò ní sọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wà nínú rẹ̀. Àmì ìyanu àti àmì ìbéèrè tó dúró tira wọn, !?, ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ nínú àpótí náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sunkún ní orí 34 pé wọn ò sọ fún àwọn pé ọmọ ọba máa kú, ojú àpótí yìí ni wọ́n fò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ìlà tó kún fún nọ́ńbà nísàlẹ̀ káàdì. "Words" ni iye ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 3,000, ẹ óò parí rẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná. Bó bá jẹ́ 120,000, odindi ìwé ni. "Chapters" ni orí: 30/30 ti parí, 12/30 mọ ibi tó ń lọ, 12/? kò tíì mọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún 12/? tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn láti ọdún kan. "Kudos" ni òǹkàwé fi ń kí òǹkọ̀wé kú iṣẹ́; ẹ̀ẹ̀kan péré lẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ fún ìtàn kan, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣeé gbà padà. "Hits" ni iye ìgbà tí wọ́n ṣí i. Àwọn kan ń fi kudos wé hits láti mọ bí ìtàn ṣe dùn tó. Ìṣirò yẹn ń rẹ́ ìtàn gígùn jẹ: ẹni tó bá ń padà wá fún orí ogún lè fi hits ogún kún un, kudos kan ṣoṣo ni yóò sì ní láti fún un. Fún ìtàn gígùn, "Bookmarks" ni kí ẹ wò, torí ohun tí èèyàn bá fẹ́ padà sí ló máa ń fi pamọ́.

Ó wá kan asẹ́. Lórí fóònù, bọ́tìnnì "Filters" wà lókè ojú ewé; lórí kọ̀ǹpútà, ó ti ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún ẹni tó ń wá ìtàn ìfẹ́ gígùn tó ti parí, ọ̀nà tó yá jù nìyí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìwé náà kí ẹ lè bọ́ sínú agbo rẹ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo ìtàn nípa ìwé náà kó jọ sí, kí ẹ wá ṣí asẹ́. Ní "Sort by", ẹ yí "Date Updated" sí "Kudos" tàbí "Bookmarks". Lábẹ́ "Relationships", ẹ mú orúkọ àwọn méjì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí "More Options": "Exclude crossovers" á lé ìtàn tó po ìwé méjì mẹ́ta pọ̀ dànù, "Complete works only" á lé èyí tí kò tíì parí. Ní "Word Count", ẹ kọ 40000 sí "From". Ẹ yan èdè, kí ẹ tẹ "Sort and Filter". Ohun tó ṣẹ́ kù á jẹ́ iye tí ojú èèyàn lè ká.

Ohun tí kò hàn sí àlejò ni pé bí ẹ ṣe ń fi àmì sí àpótí púpọ̀ sí i lábẹ́ "Include" ni ìtàn ń dín kù sí i. Asẹ́ náà kì í wá èyí tàbí ìyẹn. Èyí àti ìyẹn pọ̀ nínú ìtàn kan náà ló ń wá. Ẹni tó bá mú táàgì mẹ́fà (àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí òǹkọ̀wé lẹ̀ mọ́ ìtàn láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀) lẹ́ẹ̀kan náà lè bá òfìfo pàdé, kó sì rò pé ìkànnì ti bàjẹ́. Méjì ti tó. Òdìkejì ni ti "Exclude": ẹyọ kan péré tó bá wà lára ìtàn ti tó láti lé e dànù, nítorí náà ẹ lè kó mẹ́wàá síbẹ̀. Lábẹ́ "Ratings" ní "Include", ìpele kan ṣoṣo ló gbà kí ẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ G àti T pọ̀, ẹ fi "Include" sílẹ̀, ẹ lọ sí "Exclude", kí ẹ fi àmì sí "Mature", "Explicit" àti "Not Rated". Kí àwọn òbí há ìyẹn sórí. Táàgì mẹ́wàá tó wọ́pọ̀ jù nìkan ni asẹ́ sì ń fi hàn lábẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ò bá rí, ẹ kọ ọ́ sínú "Other tags to include" tàbí "Other tags to exclude", kí ẹ dúró kí orúkọ rẹ̀ jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì mú un níbẹ̀. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ bó ṣe wù yín, ó lè má bá ohun tí ẹ ń wá mu.

Ẹni tó ń ka ìwé onípele, tí kò tíì ka gbogbo rẹ̀ tán, ní ìyọnu mìíràn. Táàgì ń tú àṣírí. Ẹ ṣì wà ní apá kìíní, ẹ wá rí táàgì kan tó ń sọ pé lágbájá kò kú nínú ìtàn yìí. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé nínú ìwé, lágbájá kú. Àwọn tó gbọ́n máa ń sá fún gbogbo ìkànnì náà títí wọ́n á fi kàwé tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Ẹ wá ọjọ́ tí apá kejì jáde, ẹ lọ sí "Date Updated" nínú asẹ́, kí ẹ fi ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sí "To". Ìtàn tí wọ́n kọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó wà nínú apá kejì nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ó ń jò díẹ̀, nítorí pé àwọn kan máa ń rí ìwé gbà ká kó tó dé ọjà, ó sì tún ń lé àwọn ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń fi orí kún dànù. Síbẹ̀, a ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Táàgì yìí kan náà tó ń tú àṣírí ni AO3 fi ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Òǹkọ̀wé lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú sí i, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń pè ní tag wranglers, á sì so onírúurú ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ohun kan náà mọ́ orúkọ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó dé ilé-ìtura tí wọ́n bá ibùsùn kan ṣoṣo, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́, fi ń bọ́ sábẹ́ "There Was Only One Bed". Olólùfẹ́ romantasy á tètè mọ ìyókù. "Enemies to Lovers" ni ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀tá. "Slow Burn" ni ìfẹ́ tó ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Ẹ lè ka 80,000 ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó di ọwọ́ ara wọn mú. "Arranged Marriage" ni ìgbéyàwó tí ìdílé tàbí ààfin ṣètò, "Mutual Pining" sì ni àwọn méjì tó ń kú lọ nítorí ara wọn tí ẹnìkan ò lanu sọ. "Fluff" jẹ́ adùn lásán. "Angst" jẹ́ ìbànújẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ìyà àjẹgbé, "Angst with a Happy Ending" ni kó mú, kó má mú "Angst" nìkan. Bí ẹ bá rí "Dead Dove: Do Not Eat", kì í ṣe àwàdà: ohun tó burú tí ẹ kà nínú táàgì yòókù ló wà nínú ìtàn gan-an, láìbù kù, òǹkọ̀wé sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má wọlé wá bú òun.

Ẹ tún wo ohun tó wà láàárín orúkọ méjì. "/" ni olólùfẹ́. "&" ni ọ̀rẹ́, ọmọ ìyá, tàbí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Ẹni tó ń wá ìfẹ́ tó lọ mú "&" á ka 60,000 ọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń kọ́ àbúrò ní idà. Ó lè dùn o, àmọ́ kì í ṣe ohun tó wá. Àwọn òǹkọ̀wé kan tún máa ń to orúkọ gbogbo olólùfẹ́ tó bá kọjá nínú ìtàn sí táàgì, títí kan àwọn tí kò ju ìlà méjì lọ. Orúkọ tó bá ṣíwájú nínú ìtò náà ló sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó ni ìtàn.

Gbígba ìtàn sórí fóònù ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà lò tàbí tí iná kì í dúró ládùúgbò rẹ̀, AO3 sì ṣe é dáadáa. Ẹ ṣí ìtàn, ẹ tẹ "Download" lókè, ẹ mú ọ̀kan nínú AZW3, EPUB, MOBI, PDF àti HTML. EPUB ló dára jù lórí fóònù, torí ẹ lè mú kí lẹ́tà tóbi bó bá ṣe wù yín. Lẹ́tà inú PDF kì í yí padà, ẹ óò máa fi ìka fa ojú ewé síwá sẹ́yìn ṣáá ni. Google Play Books ń ṣí EPUB lórí Android, Apple Books ń ṣí i lórí iPhone. Ẹni tó ní Kindle, kó fi EPUB ránṣẹ́ nípasẹ̀ Send to Kindle, torí iṣẹ́ yẹn kò gba MOBI mọ́. Ìtàn 100,000 ọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán kì í sábà tó mẹ́gábáìtì kan. Àléébù kan: ẹ̀dà tí ẹ gbà kì í dàgbà. Bí òǹkọ̀wé bá fi orí tuntun kún un, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí òǹkọ̀wé bá pa ìtàn náà rẹ́ lọ́la, tiyín wà lọ́wọ́ yín, wọ́n sì ń pa á rẹ́ o. Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣàánú: wọ́n á yọ orúkọ wọn kúrò, wọ́n á fi ìtàn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ "orphan_account" kí òǹkàwé lè máa rí i kà.

AO3 kò ní áàpù. Ohunkóhun tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí Play Store tàbí App Store, ẹlòmíràn ló ṣe é, bó bá sì ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín síbẹ̀, ẹ ti fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ lo Chrome tàbí Safari, kí ẹ fi "Add to Home screen" gbé ìkànnì náà sójú fóònù. Kò yàtọ̀ sí áàpù. Fún kíkà lóru, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, lábẹ́ "Customize", kí ẹ mú "Reversi". Gbogbo rẹ̀ á di dúdú. Bí ìtàn bá gùn ju 200,000 ọ̀rọ̀ lọ, ẹ má tẹ "Entire Work", tó ń ṣí gbogbo orí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí fóònù kékeré, ó máa ń há. Ẹ kà á ní oríkorí.

Ẹ ò nílò àkáǹtì láti kàwé, àmọ́ ó wúlò. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti tìlẹ̀kùn ìtàn wọn mọ́ ẹni tí kò ní àkáǹtì, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ ń kó ìtàn kúrò níbẹ̀ láti fi kọ́ AI. Àkáǹtì tún ń fún yín ní "Mark for Later" tí ẹ lè fi ya ìtàn sọ́tọ̀ de ìgbà mìíràn, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti kà, ímeèlì nígbàkigbà tí orí tuntun bá jáde, àti ọ̀nà láti fi òǹkọ̀wé tí ẹ ò fẹ́ rí pamọ́ kúrò lójú yín. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i gbà. Ẹ óò kọ ímeèlì yín sílẹ̀ ní "Get an Invitation", ẹ óò tò sórí ìlà, ẹ óò sì dúró títí ìkésíni á fi dé. Ẹ lè fi ímeèlì yẹn wo ibi tí ẹ wà lórí ìlà. Àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ímeèlì ló ń sọ ìdúró di asán, nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì máa yẹ fódà spam wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ìkésíni fún yín, ẹ má ra á. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn ohun tí kò dùn mọ́ wa ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gba ibẹ̀ kan. Agbo ìwé kéré sí agbo fíìmù àti eré aláwòrán Japan; ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ di fíìmù lè ní ìtàn díẹ̀ péré. Ìwé àràmàǹdà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ, tí òrìṣà àti oyè wà nínú wọn, ní agbo tiwọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé dírágónì àti iwin ilẹ̀ òyìnbó. Ẹni tó bá fi 40000 sẹ́ irú agbo bẹ́ẹ̀ lè má rí nǹkan kan. Ẹ fi "Word Count" sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìkànnì máa ń ṣubú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2023, àwọn kan fi ìkọlù DDoS, ìyẹn dída ìbẹ̀wò ẹ̀tàn lọ́pọ̀ yanturu bo ìkànnì, gbé e ṣánlẹ̀, àwọn òǹkàwé sì pariwo káàkiri. Àwọn tó ti gba EPUB sílẹ̀ ń ka tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló le jù. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì. Kọjá ìyẹn, ohun tó dúró láàárín ọmọ ọdún 12 àti ìtàn E kò ju ojú ewé kan tó ń béèrè bóyá ó fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìṣètò fún òbí rárá, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ìpele ìtàn rẹ̀, nítorí náà T ẹnìkan lè jẹ́ M ẹlòmíràn. Ẹ̀yin àǹtí àti bùrọ̀dá tó ń ra dátà fún àbúrò, ohun tó wà níkàáwọ́ yín nìyí: asẹ́ kì í dúró, bí ẹ bá ti kúrò lójú ewé ó ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ yàn wà nínú àdírẹ́sì tó gùn gbọọrọ lókè bráwúsà. Ẹ sẹ́ "Mature", "Explicit", "Not Rated" àti "Creator Chose Not To Use Archive Warnings" dànù, kí ẹ fi ojú ewé tó bá jáde pamọ́ sí bráwúsà rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kó máa wọlé. Ọmọ tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ á yẹ̀ ẹ́, àmọ́ èyí tó kàn ń wá ìtàn tó dùn kò ní tètè ṣèèṣì bọ́ sínú ohun tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ kọ tirẹ̀: ibí kì í ṣe ibi òwò. Wọn ò gbà kí ẹ fi ìjápọ̀ Patreon tàbí Ko-fi, àwọn ìkànnì tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ olólùfẹ́, sí ìtàn, wọn ò sì gbà kí ẹ sọ pé ẹni tó bá sanwó lẹ máa gbé orí tó kù fún. Nínú àwọn ìwé romantasy tó wà lórí tábìlì ilé ìtàwé báyìí, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ bí fanfic. Òǹkọ̀wé yí orúkọ àti ayé inú wọn padà, ó sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò kó tó tà á. Àwọn tó ń tẹ fanfic ẹlòmíràn sínú páálí aláràbarà tí wọ́n ń tà á lórí ẹ̀rọ ayélujára ń ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo wa: owó yẹn lè fa òfin wá bá òǹkọ̀wé tí kò gba kọ́bọ̀, àwọn kan sì ti yọ ìtàn wọn kúrò nítorí rẹ̀. Ẹ lè di ẹyọ kan fún ara yín nílé. Ẹ má tà á.

Òǹkọ̀wé ibẹ̀ kì í gba ohun mìíràn ju kudos àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹ ṣe kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ tọ́ka sí ibi kan: ìlà tó pa yín lẹ́rìn-ín, tàbí orí tí ẹ tún kà. Ẹ má bi í nígbà tó máa gbé orí tó kàn wá. Ìbéèrè yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ 12/? dúró sí 12/?. Bí ìtàn kò bá sì wù yín, bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn wà lórí fóònù.